Ọjọ́ tí Wọ́n Fẹ́ Mú Abẹ́rẹ́ Lọ

Òórùn aṣọ tó ń jóná ló kọ́kọ́ dé imú Aránṣọ kó tó mọ̀ pé ọmọ òun ti gbé ojú kúrò lára áyọ́ọ̀nù. Ó ti kìlọ̀ fún un pé aṣọ náà fẹ́lẹ́, kó má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n ọmọ náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tín-ín-rín, tó sì ń yọ́ wọlé yọ́ jáde bí abẹ́rẹ́ nínú aṣọ, ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Báàgì kan tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ló ń wò. Inú báàgì náà ni aṣọ rẹ̀ wà, torí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n ìyá Aránṣọ, ń bọ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀.

Nígbà tí Aránṣọ fi máa já áyọ́ọ̀nù náà gbà, ó ti fi ojú rẹ̀ sí àárín àyà aṣọ oníbàárà, ó dúdú bí ojú egbò tó jinná. Aṣọ ìyàwó ni.

Ó gbá ọmọ náà létí. Kí ọwọ́ yẹn tó sọ̀ kalẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ kejì, èyí tó di áyọ́ọ̀nù mú, ti wà lókè. Irin náà ṣì gbóná gan-an, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí i lójú.

"Ọmọ burúkú," ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀, "ṣé ojú lo fi ń gbọ́ràn ni, àbí etí?"

Ohùn náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni ín.

Abẹ́rẹ́ kò sá, kò sì sunkún. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dorí kodò, ó ní, "Ọ̀kan. Ẹ ṣeun, mà."

Ó wá dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí èkejì.

Aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ Abẹ́rẹ́ ní irú ìdúpẹ́ yẹn nínú ilé yìí. Ibì kan ṣoṣo ni Aránṣọ mọ̀ láyé tí ọmọ ti máa ń ka ẹgba tí wọ́n ń nà án, tó sì máa ń dúpẹ́ lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ Màmá Tíṣà ni Abẹ́rẹ́ ti lo ìsinmi ilé ìwé tó kọjá. Nígbà tó padà dé, gbogbo ilé ló ń yìn ín pé ó ti dọmọ jẹ́jẹ́, pé bíi pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" ó béèrè.

Ọmọ náà wo ilẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Wẹ́dà, ọkọ rẹ̀, fi ti yàrá jáde, ife tíì lọ́wọ́. Iná irin jíjó ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n ṣáá, àmọ́ kò tíì sọ ọ́ di afọ́jú. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó rí aṣọ tó jó, ó rí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí.

"Ìdí tí mo fi ní kó lọ náà nìyí," ó ní. Kò gbé ohùn sókè. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ife tó fọ́, ará ọ̀nà ló bá wa là á. Lónìí, áyọ́ọ̀nù. Lọ́la ńkọ́? Ó sàn fún ọmọ yìí lọ́dọ̀ Màmá Tíṣà. Ìyẹn kì í tiẹ̀ pariwo."

"Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń sọ."

"Èwo ni mi ò mọ̀ níbẹ̀? Ṣebí ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ pé ìyá yẹn ló sọ ọ́ dèèyàn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá bá ọ sọ̀rọ̀, ohun tí o sọ fún mi nìyẹn. Ohun tí o ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn títí dòní. Àbí irọ́ ni?"

Òótọ́ ni pé Aránṣọ ló sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ sọ ọ́, ó ti dorin sí i lẹ́nu. Ẹni tí ejò bù jẹ tó wá ń yin ejò pé ó kọ́ òun ní eré sísá, ta ni yóò bá a lé ejò?

Wọ́n jókòó ti búrẹ́dì àárọ̀. Abẹ́rẹ́ jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka ṣa èérún rẹ̀ lórí tábìlì títí ibẹ̀ fi mọ́ féfé, ó sì jókòó ṣinṣin. Ọmọ tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ń gé búrẹ́dì, kì í jẹ́ kí ará ilé gbádùn. Bàbá rẹ̀ wò ó, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé o rí i," ó ní, "ẹ̀kọ́ ti ń wọlé."

Ó gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ, ó ní òun á ti dé kí àlejò tó dé.

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ wà níwájú ilé náà, ilé gígùn tí yàrá to lọ́tùn-ún lósì bí ẹyín ẹnu. Kò sí ohun tí ẹnì kan sọ nínú yàrá kan tí yàrá kejì kò ní fi jẹun. Kò pẹ́ tí ó jókòó ti maṣíìnì tí Oníbúrẹ́dì, obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, fi rọra gbé àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Mo gbọ́ pé òní ni Màmá arúgbó ń bọ̀ wá mú un," ó ní. "O ṣe dáadáa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Aránṣọ ní.

"Èmi ì bá rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kí n fi tèmi ránṣẹ́. Tèmi kàn ń jẹ ni, kò ní iṣẹ́ méjì. Wo ìwọ alára. Wọ́n nà ọ́, ṣé o kú? Ṣebí òun lo fi ń rán aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ tọ́ bí ìlà ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹkún ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Tó bá yá, á dẹ̀rín."

Aránṣọ fi ẹsẹ̀ te maṣíìnì. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí báàgì lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣa òwú tó já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò ó ní àwọ̀ àwọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Ọmọ tí kò sinmi ni kì í jẹ̀bi. Aránṣọ mọ òfin ilé Màmá Tíṣà látòkè dé ilẹ̀.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí Nọ́ọ̀sì wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tó fún un tún ṣe. Òun ló ń gbé yàrá ìkẹyìn nínú ilé náà, àgbà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Láti bí oṣù díẹ̀ ló ti ń bá Aránṣọ sọ̀rọ̀ lórí inú fùfù rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ Aránṣọ bínú, ó ní ṣé wèrè ni wọ́n pe òun ni. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé bó bá jẹ́ wèrè, òun á ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, ó rí aṣọ tó jó, ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Abẹ́rẹ́. Ó ní kí ọmọ náà lọ bá òun pọn omi sínú yàrá, ó sì fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé díẹ̀.

"Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù sókè?" ó béèrè, nígbà tí Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ọwọ́ rẹ ni, mi ò ní bá ọ gbọ́n ọn nù. Àmọ́ ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ? Èèyàn kì í dá gbé inú ara rẹ̀. O ṣáà mọ bí ilé tiwa yìí ṣe rí. Ayálégbé tó ń pariwo jù kọ́ ló nilé."

Aránṣọ ká aṣọ tó jó náà sórí itan.

"Ẹni tó ń pariwo yẹn, níbo ló máa ń wà lára rẹ?"

"Ọ̀fun. Ó máa ń le bí egungun."

"Dijú, bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Má bá a jà o. Bi í bí o ṣe máa bi àlejò."

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí Aránṣọ, ṣùgbọ́n ó dijú. Maṣíìnì dákẹ́. Lẹ́yìn odi, Oníbúrẹ́dì dákẹ́ pẹ̀lú, èyí tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀. Nígbà tí Aránṣọ máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

"Ó ní bí òun ò bá tètè pariwo kí ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n máa tì í mọ́nú yàrá."

"Ọmọ wo?"

Abẹ́rẹ́ ló fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe Abẹ́rẹ́ ló ń rí. Ọmọ mìíràn ló rí, tó kúnlẹ̀ láàárín àpò ìrẹsì nínú yàrá ìkẹ́rùsí, tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Ọmọ náà fi ẹ̀wù di ara rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ẹni tó bá sunkún níbẹ̀, wọn á tún ẹgba rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ ọdún méje ni," Aránṣọ ní. "Àǹtí, ó ṣì wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹni tó ń pariwo yẹn, ṣé ó mọ̀ pé o ti dàgbà? Pé o ti lọ́kọ, o ti ní ṣọ́ọ̀bù?"

Aránṣọ ronú sí i, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e. "Kò mọ̀. Ó rò pé Màmá ṣì ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò."

"Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọn ò wá sọ fún un pé ogun ti tán. Ẹnu tó fi ń ṣọ́ ilé, ẹnu ọ̀tá ló yá lò. A ò ní pa á, ṣùgbọ́n a ò ní jẹ́ kó gbé áyọ́ọ̀nù." Nọ́ọ̀sì ká yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. "Kí n tún bi ọ́ ní kan. Ta ló gbà kí wọ́n mú Abẹ́rẹ́ lọ?"

"Bàbá rẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo nínú yín?"

Aránṣọ wò ó. Ó mọ èyí náà. Èyí kì í pariwo. Èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín ni, tó máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, tó ń ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi fẹ́ já, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ìdí láti wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ló gbà. Òun ló di báàgì.

"Ẹ bá mi dúró dè é, Àǹtí," ó bẹ̀bẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un."

"Iṣẹ́ ń pè mí. Bí mo bá sì wà níbẹ̀, èmi ni yóò bá jà, ìwọ á tún lọ bá wọn bu omi." Ó fọwọ́ kan an léjìká. "Bó bá dé, ọmọ inú yàrá yẹn ni kí o kọ́kọ́ kí. Sọ fún un pé o wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn tó lọ tán, ọjọ́ náà ṣú dùdù, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀. Aránṣọ gbé ìrẹsì kaná, ó ń se ẹran. Ó ṣàkíyèsí pé òun ti ṣa ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀mejì, òkúta kò sì sí nínú rẹ̀. Ó ti gbálẹ̀. Ó ti nu etí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ kan bá ti dúró lójú títì, òun àti Abẹ́rẹ́ á jọ gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á tún jọ gbé e sílẹ̀, láìwo ara wọn.

Wẹ́dà ti dé, ó ti wẹ̀, nígbà tí Màmá Tíṣà yọ. Obìnrin kékeré ni, aṣọ rẹ̀ funfun láìní àbàwọ́n, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú ìkòkò. Ó kí yàrá kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, wọ́n sì ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ra bàtà tuntun fún Abẹ́rẹ́. Kí ó tó fún un, Abẹ́rẹ́ ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó tún yí i padà kí ìyá lè wo èékánná. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá Tíṣà wò ó, ó mi orí.

"Ọmọ tó ń rántí," ó ní.

Ó jẹun. Ó ní ẹran le díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ráhùn. Wẹ́dà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ò mọ bí àwọn á ṣe san oore yìí. Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò jókòó, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá fọwọ́ tán, ó ní, "Ó yá, gbé báàgì rẹ̀ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Aránṣọ ní, ó sì gbé e.

Ó ti rìn dé àárín yàrá kó tó mọ̀ pé òun ti gbé e. Ó rí i pé èyí tó ń rẹ́rìn-ín ló ń gbé báàgì lọ, ó rí i pé èyí tó ń pariwo ti sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, torí ẹ̀rù ìyá yìí ló bí i. Nínú òkùnkùn lọ́hùn-ún, ọmọ tó wà láàárín àpò ìrẹsì di ẹnu ara rẹ̀ mú.

Mo wà níbí, ó sọ fún un nínú ọkàn. Èmi ni mo dàgbà. Jókòó, má dìde.

Ó gbé báàgì sílẹ̀.

"Kò ní lọ," ó ní.

Ohùn náà kéré débi pé Wẹ́dà ní, "Kí lo wí?"

"Abẹ́rẹ́. Kò ní lọ mọ́."

Màmá Tíṣà kò yí ojú padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Wẹ́dà bí ẹni pé ọmọdé ló sọ̀rọ̀. "Ọkàn abiyamọ ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Èmi kì í nani láìfani mọ́ra."

"Mo dàgbà lọ́dọ̀ yín, mà," Aránṣọ ní. Ó fi ọwọ́ ti ògiri. "Mo mọ ọwọ́ ọ̀tún yín dáadáa. Tòsì yẹn, mi ò rí i rí."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró.

"Yàrá ìkẹ́rùsí yẹn," Aránṣọ tún ní, "ṣé ìta náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà?"

"Mo fún ọ ní oúnjẹ," Màmá Tíṣà ní. "Mo fún ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ta ló mọ ibi tí o ì bá wà lónìí?"

"Ẹ ṣeun, mà. Oúnjẹ kọ́ ni mo béèrè."

Wẹ́dà ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì, bí ẹni tó dé àárín ìtàn tó rò pé òun mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Nígbà ìsinmi," ó bi í, "ṣé wọ́n tì ọ́ mọ́nú yàrá kankan?"

Ojú Màmá Tíṣà ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wò. Ó wò ó pẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìdáhùn lójú pátákó.

"Rárá, sà," ó ní.

Ẹni tó bí ọmọ kì í gbọ́ ẹnu ọmọ nìkan. Wẹ́dà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó mú àpamọ́wọ́ Màmá Tíṣà lórí àga, ó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ibi tí ẹ ó ti wọkọ̀, mà."

Ìyá gba àpamọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣépè, kò tilẹ̀ bínú sókè. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ìka kan tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Abẹ́rẹ́, níbi tí ojú ìgbátí àárọ̀ ṣì ti wú.

"Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ tèmi," ó ní, ó sì jáde.

Bàtà rẹ̀ ń dún lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò kánjú. Kò sẹ́ni tó kí i ní kó máa lọ ire, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá Aránṣọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Oníbúrẹ́dì yọjú, ó wò wọ́n, ó sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé." Aránṣọ kò mọ ẹni tó ń bá wí, bóyá òun ni tàbí Màmá Tíṣà.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró síbi tí bàbá rẹ̀ fi í sí, bàtà tuntun lọ́wọ́, kò wọ̀ ọ́, kò gbé e sílẹ̀. Aránṣọ na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ rí i, ó sì dá ọwọ́ náà padà sórí itan.

"Wọn ò ní mú ọ lọ mọ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́ níbẹ̀ mọ́."

Abẹ́rẹ́ rò ó.

"Níbí ńkọ́?" ó béèrè.

Ọ̀fun Aránṣọ le gbagidi. Ó gbọ́ ohùn náà tó ń bọ̀ lókè, tó fẹ́ bi ọmọ náà pé ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ di ọrùn ara rẹ̀ mú jẹ́ẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń di ọwọ́ ẹni tí àlá burúkú jí. Ó dúró títí ó fi rọ̀. Ó pẹ́.

"Mi ò tíì lè búra," ó ní. "Mo ń kọ́ bí mi ò ṣe ní nà ọ́ mọ́ ni."

Ó sún kúrò lójú ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, kí ọmọ náà lè rí àyè kọjá bó bá fẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ wo àyè náà. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó wà lórí itan. Kò jáde. Kò sì súnmọ́ ọn.